Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ilé Ìwòsàn Wa: Ẹ Má Gba Ẹ̀kọ́ Lọ́wọ́ Àwọn Apòògùn ICU

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ilé ìwòsàn wa, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Okun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìtọ́jú wa. Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ yín, mo sì tọrọ àyè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba. Àwọn ìwé tí ẹ̀ka wa kọ sí ọ́fíìsì yín lórí rẹ̀ kò tíì rí èsì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà yóò kàn jù, ìyẹn àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrà dé Mọ̀pà, kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣe ìpinnu.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde lóṣù tó kọjá sọ ohun mẹ́ta. Ó ní ilé ìwòsàn kò ní í san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan fún apòògùn mọ́, àyàfi èyí tí òfin ní kí a ṣe kí a tó lè tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ wa gbà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan kún un, kó lọ kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àkókò tirẹ̀. Ó sì ní kí apòògùn tó wà ní ICU, wọ́ọ̀dù tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù, padà sójú fèrèsé tí a ti ń fún àwọn èèyàn ní oògùn, kó máa lọ sí wọ́ọ̀dù náà kìkì nígbà tí wọ́n bá pè é. Mo wà lára àwọn apòògùn tí ìpinnu yìí kàn, mo sì gbà gbọ́ pé bí ẹ kò bá yí i padà, ẹ̀mí yóò ti ibẹ̀ lọ.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí apòògùn ń ṣe ní ICU, nítorí ìwé yín sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ wa kò kọjá kí á ka hóró oògùn sínú ọ̀rá. Aláìsàn tó bá dé ICU kì í lo oògùn kan tàbí méjì. Ó lè máa gba mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí púpọ̀ nínú wọn máa gba inú iṣan kan ṣoṣo wọlé, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn kò gbọdọ̀ pàdé ara wọn nínú rọ́bà omi. Bí wọ́n bá po phenytoin, oògùn gìrì, mọ́ omi dextrose tó ní ṣúgà nínú, oògùn náà yóò dì sínú omi, kò sì ní í wúlò fún aláìsàn mọ́. Bí ceftriaxone, oògùn apakòkòrò, bá pàdé omi tó ní calcium nínú, bíi Ringer's lactate, ohun kan náà ni, èyí sì léwu jù lọ fún ọmọ tuntun. Kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá lè dákẹ́ lónìí, kí ìwọ̀n oògùn tó ń wo aláìsàn sàn lánàá sì di májèlé fún un bí kò bá sí ẹni tó ń ṣírò rẹ̀ láràárọ̀. Potassium chloride inú ìgò kékeré tó wà lórí pẹpẹ, bí ẹnikẹ́ni bá fà á, tó sì gún un tààrà sínú iṣan láìfi omi là á, ọkàn aláìsàn lè dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni apòògùn ń wò nígbà tí àwọn dókítà bá ń yí wọ́ọ̀dù ká, kí oògùn tó dórí ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti fún aláìsàn tán.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan péré nínú ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Bàbá kan tí rọpárọsẹ̀ mú wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò lè gbé nǹkan mì, rọ́bà imú ni oúnjẹ àti oògùn ń gbà wọlé. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọlúàbí èèyàn tó mọṣẹ́ rẹ̀, ti kó hóró nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, sínú odó kékeré, ó fẹ́ lọ̀ ọ́ kúnná kó lè gba inú rọ́bà kọjá. Apòògùn kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló na ọwọ́ sí páálí oògùn náà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ dúró ná.” Hóró náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe kó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí púpọ̀. Bí a bá lọ̀ ọ́, gbogbo agbára rẹ̀ yóò tú síni lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá náà ìbá sì já wálẹ̀ ju bí ọpọlọ tó ti fara pa ti lè gbà lọ. Àwọn dókítà fi amlodipine rọ́pò rẹ̀, èyí tó ṣe é lọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ oògùn wò fún aláìsàn tó ń lo rọ́bà imú ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣe ní Ìlọrin nígbà tí ilé ìwòsàn ṣì ń rán wa lọ. Owó irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ fa igi lé.

2. Ìmọ̀ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í dúró lójú kan. Nígbà tí èmi wà ní ilé ìwé, dopamine ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé kí á kọ́kọ́ nawọ́ sí bí ìfúnpá aláìsàn bá já wálẹ̀ tí omi kò sì gbé e dìde. Ní ọdún 2010, ìwádìí tí wọ́n fi aláìsàn 1,679 ṣe fi hàn pé lára àwọn tó gba dopamine, bí i 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọkàn wọn lù ségesège, nígbà tí àwọn tó gba noradrenaline jẹ́ bí i 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé ewu náà di ìlọ́po méjì. Noradrenaline ni ìlànà àgbáyé ní kí á kọ́kọ́ lò báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni ọwọ́ ṣì ń lọ sídìí dopamine, nítorí pé òun ni wọ́n mọ̀, òun ló sì wà nínú àpótí.

Ẹ tún wo ti ọdún 2021. Nínú ọdún yẹn ni wọ́n tún ìlànà Surviving Sepsis Campaign ṣe, ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé lórí àkóràn tó ti gba gbogbo ara kan, tó sì ń ba ẹ̀yà ara jẹ́. Ó ní bí ara bá ti rẹ aláìsàn tó bẹ́ẹ̀ tí ìfúnpá rẹ̀ kò dúró, kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò láàárín wákàtí kan. Ó tún ní kí á má ṣe torí pé a ń dúró de ẹni tí yóò ki rọ́bà sínú iṣan ńlá ọrùn jẹ́ kí noradrenaline pẹ́. A lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti inú iṣan apá, ní ìgbọ̀nwọ́ tàbí lókè rẹ̀, fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ ro ohun tí gbólóhùn kan yẹn túmọ̀ sí fún ilé ìwòsàn tí dókítà tó lè ki rọ́bà sọ́rùn kì í sí lórí iṣẹ́ ní gbogbo òru! Tẹ́lẹ̀, a óò máa fún aláìsàn lómi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tàbí kí á máa wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun yìí ní ẹ̀rù tirẹ̀: bí oògùn náà bá jò sábẹ́ awọ, ó lè pa ẹran ara. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ bí a ó ṣe là á, bí a ó ṣe ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí a ó ṣe máa wo apá náà, àti ohun tí a ó ṣe bí ó bá jò. Ìmọ̀ apòògùn nìyẹn, kò sì sí nínú ìwé tí èyíkéyìí nínú wa kà kó tó gboyè.

3. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí pé wíwà apòògùn ní ICU ń gba ẹ̀mí là, ẹ̀rí náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1999, Lucian Leape àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA, èyí tí wọ́n ṣe ní Massachusetts General Hospital, ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi apòògùn kan tó nírìírí sáàárín àwọn dókítà tó ń yí ICU ká láràárọ̀. Ìpalára oògùn tó ṣe é dènà, tó ń wá láti ibi kíkọ oògùn, já láti 10.4 sí 3.5 nínú ẹgbẹ̀rún ọjọ́ tí àwọn aláìsàn lò níbẹ̀. Ó fi ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nínú ìmọ̀ràn 366 tí apòògùn náà gbà wọ́n lórí kíkọ oògùn, 362 ni àwọn dókítà gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ojú fèrèsé ni apòògùn yẹn jókòó sí kí wọ́n máa pè é. Àárín wọn ló wà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé wíwà níbẹ̀ nìkan kò tó, ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà ní àmọ̀jinlẹ̀. Ní ọdún 2013 ni ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn apòògùn àkànṣe ní ìwé ẹ̀rí ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú aláìsàn tó le gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka àkànṣe, wọ́n sì ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2015. Ẹni tó bá yege kò gba ìwé ẹ̀rí títí láé, ọdún méje ni, lẹ́yìn náà kó tún fi hàn pé òun ń bá ìmọ̀ rìn.

4. Ìwé yín sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ìgbìmọ̀ Apòògùn Nàìjíríà, PCN, fi dandan lé tó wa. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, mo sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo apòògùn ni wọ́n ṣe é fún: ẹni tó ń tajà ní fámásì ní ìgboro, ẹni tó wà ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ẹni tó ń kọ́ni ní yunifásítì, àti àwa. Ohun tí ó ń jẹ́rìí sí ni pé mo yẹ lẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ apòògùn. Kò jẹ́rìí sí i pé mo mọ bí a ṣe ń dín midazolam, oògùn tó ń mú aláìsàn sùn, kù fún ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí. Ọ̀nà wà fún èyí nílẹ̀ wa pẹ̀lú, torí West African Postgraduate College of Pharmacists ní ètò ọlọ́dún púpọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ di apòògùn àkànṣe nínú ìtọ́jú aláìsàn. Kò sí ẹni tó lè ṣe é láìgba àyè lẹ́nu iṣẹ́.

5. Ẹnì kan nínú yín sọ fún wa pé ilé ìwòsàn ńláńlá ti ìlú ńlá ni irú nǹkan báwọ̀nyí wà fún. Èyí ló dùn mí jù, nítorí òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Ní ìlú ńlá, bí apòògùn kò bá mọ nǹkan, onímọ̀ mìíràn wà ní yàrá kejì. Níbí, bí ọ̀nà bá bàjẹ́ tàbí ilẹ̀ ti ṣú, ẹni tó wà níbẹ̀ náà ni gbogbo ohun tí aláìsàn ní. Àwọn tó fara pa lójú ọ̀nà tí tírélà sìmẹ́ǹtì ń gbà jáde láti Ọ̀bájànà kì í yan ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Kogi bá Edo àti Ondo pààlà, ìpínlẹ̀ méjì tí ibà Lassa kì í fi sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ribavirin tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986 láti Sierra Leone sì fi hàn pé láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa jù.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àwọn aboyún tí ìfúnpá wọn ga tí gìrì sì ń mú. Magnesium sulphate ni oògùn wọn. Nínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò, gíráàmù mẹ́rin máa lọ sínú iṣan, mẹ́wàá sí ìdí, márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà márùn-ún ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìgò tó ń wọlé sí ọjà kì í ṣe bákan náà: òmíràn ní gíráàmù kan nínú, òmíràn méjì àbọ̀, òmíràn márùn-ún, wọ́n sì lè jọ ara wọn bí iná bá lọ tó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù ni nọ́ọ̀sì fi ń wò wọ́n. Bí ó bá pọ̀ jù, orúnkún obìnrin náà kò ní í fò mọ́ bí a bá fi òòlù kàn án, lẹ́yìn ìyẹn èémí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, a ó sì gbọ́dọ̀ ní calcium gluconate, oògùn tó ń pa agbára magnesium, lọ́wọ́. Láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ńlá ti ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, GSK kéde tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, oògùn tí a mọ̀ ń pòórá, èyí tó ń rọ́pò rẹ̀ sì ń wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn, agbára mìíràn àti ìlànà lílà mìíràn. Ohun tí apòògùn gbọ́dọ̀ tún kọ́ ń pọ̀ sí i, kò dín kù.

Mo fẹ́ kí ẹ ro ti owó àwọn ẹbí pẹ̀lú. Èmi ti rí ìdílé tó kó gbogbo owó káṣíù ọdún kan wá ra meropenem, oògùn apakòkòrò kan tó wọ́n. Bí èsì láàbù bá fi hàn pé oògùn tó rọrùn jù ú lọ yóò ṣe iṣẹ́ náà, apòògùn tó mọ̀ ọ́n ló máa sọ fún dókítà lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn pé kí wọ́n yí i padà. Bí aláìsàn bá ti lè gbé omi mì, òun náà ló máa ní kí wọ́n fi hóró rọ́pò abẹ́rẹ́ olówó ńlá. Ojú fèrèsé kò ṣeé ti ibẹ̀ rí àwọn nǹkan wọ̀nyí.

6. Mo mọ ohun tí ẹ óò fi dá mi lóhùn, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ óò ní owó kò sí. Òótọ́ ni pé àpò ilé ìwòsàn kò wúwo. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn àjò lọ sókè òkun ni a ń bèèrè. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìlọrin kò jìnnà sí wa, ilé ìwòsàn Irrua ní Ìpínlẹ̀ Edo, níbi tí wọ́n ti mọ Lassa bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí wa, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí apòògùn kan bá lò níbẹ̀ lábẹ́ ojú àwọn tó mọṣẹ́ ju ọdún púpọ̀ níwájú fóònù lọ.

Ẹ óò ní kí á kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ń kọ́ ọ, owó dátà tiwa la sì ń ná. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru tó sì tún padà lọ́sàn-án nítorí pé àwa kò pọ̀, ìgbà wo ni yóò kàwé? Apá kan iṣẹ́ yìí sì wà tí kò ṣeé kọ́ lójú fóònù: bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀rọ tó ń tì oògùn wọlé, bí a ṣe ń dúró níwájú dókítà àgbà tó ń kánjú kí á sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìwọ̀n tó kọ yẹn pọ̀ jù fún kíndìnrín aláìsàn yìí. Ẹni tó ti ṣe é lójú wa ni a fi ń kọ́ ọ.

Ẹ óò tún ní bí ẹ bá ti kọ́ wa tán, a óò já pa sí òkè òkun. Èyí nìkan nínú àwọn àwíjàre yín ló mú mi ronú pẹ́, nítorí mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n lọ, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ nǹkan kan sì lè bá ọkọ̀ òfuurufú gbé ìmọ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn ń kọ́ wa ni pé kí ìmọ̀ má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò ṣiṣẹ́ fún yín fún ọdún méjì, pé òun yóò sì kọ́ àwọn apòògùn, nọ́ọ̀sì àti dókítà kékeré ní ohun tí òun bá kó bọ̀. Ẹ̀ka wa ti gbà láti fọwọ́ sí i, èmi ni mo sì máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí tèmi. Àwọn tó ń lọ wà tí ìdí tí wọ́n fi ń lọ jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn kò ní ọ̀nà láti gòkè níbí.

7. Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ yín nìyí. Ẹ fa ìwé oṣù tó kọjá yẹn sẹ́yìn, kí ẹ sì dá apòògùn ICU padà sáàárín àwọn tó ń yí wọ́ọ̀dù ká láràárọ̀. Èyí kò gba kọ́bọ̀, a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí. Ẹ dá owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà sínú ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí ó ní orúkọ tirẹ̀, kí wọ́n má bàa gbé e fún ohun mìíràn, kí ó sì tó fún ó kéré tán apòògùn kan láti lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún. Ẹ fún wa ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí apòògùn, dókítà àti nọ́ọ̀sì ICU yóò fi jókòó pọ̀ lórí aláìsàn kan àti oògùn rẹ̀, láàárín àkókò iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ra ìwé oògùn tó bá ọdún mu sórí tábìlì wọ́ọ̀dù náà. Èyí tó wà níbẹ̀ ti gbó, ojú ìwé rẹ̀ ti ń já. Bí ẹnì kan nínú wa bá sì wọ ètò West African Postgraduate College of Pharmacists, ẹ fún un láyè láti lọ ṣe ìdánwò rẹ̀ láìgé owó oṣù rẹ̀.

Àwa náà yóò jíyìn. Gbogbo ìmọ̀ràn tí a bá fún dókítà ní ICU la óò máa kọ sílẹ̀: oògùn tí a yí padà, ìwọ̀n tí a dín kù, àṣìṣe tí a dá dúró kó tó dé ara aláìsàn, iye owó tí ẹbí kò ná mọ́. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la óò fi í ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ lè fi ojú ara yín wò bóyá owó náà ṣòfò.

A ń retí èsì yín ní kíkọ kí ìpàdé yín tó ń bọ̀ tó wáyé. Bí ẹ bá fẹ́ kí á wá ṣàlàyé lójúkojú, a ti ṣetán láti wá, kí dókítà kan àti nọ́ọ̀sì àgbà ICU sì bá wa wá.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Apòògùn kan ní ICU ilé ìwòsàn yín